Bí Ẹ Ṣe Máa Kun Àwọ̀ Kámó Sára Mọ́dẹ́lì Ogun Kékeré Tí Yóò Fi Jọ Tòótọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń to mọ́dẹ́lì: "Ọ̀dà tó yẹ ni mo rà, àwòrán ojúlówó ni mo ń wò bí mo ṣe ń kun ún, kí ló dé tí ọkọ̀ ogun mi ṣì jọ ohun ìṣeré ọmọdé?" Orúkọ ọ̀dà kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ìwọ̀n ni. Àpá àwọ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, etí rẹ̀ fẹ̀ jù, àwọ̀ náà sì le jù fún ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, búrọ́ọ̀ṣì lásán lè tó o ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ méjì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Èkíní ni táǹkì Panther ti Jámánì ní ìwọ̀n 1/35, tó wọ àwọ̀ mẹ́ta ti ọdún 1943 sí 1944. Èkejì ni ère ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wọ kámó igbó ti ọdún 1981, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n fi ń fara pamọ́ fún ọ̀tá. Ọwọ́ tí a fi ń mú ọkọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń mú aṣọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

## Ẹ ṣírò kí ẹ tó ṣí ọ̀dà

Ohun yòówù tí ẹ bá rí lára ọkọ̀ gidi, ẹ fi 35 pín in. Ọmọ ogun tó ga ní mítà 1.75 á di mìlímítà 50. Ara Panther, láìka ọ̀pá ìbọn mọ́ ọn, gùn ní mítà 6.87, lórí tábìlì yín, sẹ̀ǹtímítà 19.6 ni. Ilà àwọ̀ ewé tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 á di mìlímítà 8.6.

Etí àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí ọmọ ogun bá fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà sára ọkọ̀ gidi, ibi tí àwọ̀ kan ti ń wọnú èkejì lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ pín in: mìlímítà 1.4 péré. Ní ìwọ̀n 1/48, ó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1. Ní 1/72, mìlímítà 0.7. Bí etí tiyín bá wá fẹ̀ tó mìlímítà 5, ìkùukùu tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ lẹ fín sára ọkọ̀ gidi yẹn. Ojú á fura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó kò tiẹ̀ lè sọ ohun tó rí.

Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi bírò fa ilà méjì sí i, ọ̀kan mìlímítà 1.4, èkejì mìlímítà 8.6. Ẹ máa gbé e sún mọ́ mọ́dẹ́lì bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bébà yìí wúlò ju ìgò ọ̀dà mẹ́wàá lọ.

Àwọ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ẹ bá ń wo mọ́dẹ́lì 1/35 láti sẹ̀ǹtímítà 30, ó bá ti ẹni tó dúró ní mítà 10.5 sí ọkọ̀ gidi dọ́gba. Láti ibẹ̀, àwọ̀ kì í pọ́n tàbí dúdú tó bí ó ṣe rí nínú ìgò. Nítorí náà, ẹ kán Buff, ọ̀dà tó jọ àwọ̀ iyanrìn, ẹ̀kán kan sínú ẹ̀kán mẹ́jọ àwọ̀ ewé tàbí búráùn. Ẹ má lo funfun, torí ńṣe ló máa ń sọ búráùn di àwọ̀ ẹfun. Dúdú pátápátá náà kò dára: NATO Black tàbí àwọ̀ eérú tó ṣú gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

## Ẹ mọ ọdún tí ẹ ń kùn

Ṣáájú oṣù kejì ọdún 1943, àwọ̀ eérú tó ṣú, RAL 7021 (RAL ni nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì fi ń dá àwọ̀ mọ̀), ni wọ́n ń kùn sára ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jà ní Yúróòpù. Oṣù yẹn ni àṣẹ tuntun jáde pé kí ilé iṣẹ́ máa kun ọkọ̀ ní yẹ́lò ṣíṣú tí wọ́n ń pè ní Dunkelgelb, kí wọ́n sì kó àwọ̀ méjì tó kù, Olivgrün RAL 6003 àti Rotbraun RAL 8017, fún àwọn ọmọ ogun nínú agolo. Ọ̀dà inú agolo náà ki; omi tàbí epo bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń là á. Ẹni tó rí ẹ̀rọ fín in, ẹni tí kò rí fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìgbálẹ̀ kun ún. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ kan náà kì í fi í jọra, tí ẹ̀yin náà sì fi lómìnira.

Òmìnira yẹn ní ààlà. Kámó aláwọ̀ mẹ́ta yìí lára ọkọ̀ tó wọ ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1940, àṣìṣe ni. Panther pẹ̀lú kò dé ojú ogun àfi ní Kursk ní Rọ́ṣíà, oṣù keje ọdún 1943, nítorí náà yẹ́lò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún 1944, ilé iṣẹ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kun bátànì náà, wọ́n sì ń ṣe tótòtó kékeré sórí rẹ̀ kó lè jọ oòrùn tó ń yọ láàárín ewé. Ẹ má fi ti tótòtó bẹ̀rẹ̀. Kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ mọ ti ilà rírọ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta ti NATO, tó dé ní àwọn ọdún 1980, kò ní òmìnira kankan. Àwòrán kan pàtó ni wọ́n ń tẹ̀ lé fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń kun táǹkì Leopard 2, ẹ wá àwòrán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ti òkè, kí ẹ sì tẹ̀ lé e láìfi tiyín kún un.

## Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Airbrush, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà, oníhò mìlímítà 0.2 tàbí 0.3, irú èyí tí a ń tẹ̀ sísàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tí a sì ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dà
- Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó ní aago psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) àti sìlíńdà afẹ́fẹ́. Bí iná bá lọ lójijì, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á jẹ́ kí ẹ parí ilà tó wà lọ́wọ́, kí ẹ sì fọ airbrush kí ọ̀dà tó gan mọ́ ọn nínú
- Ọ̀dà Tamiya: XF-60 fún yẹ́lò, XF-61 fún ewé, XF-64 fún búráùn pípọ́n, XF-57 tí í ṣe Buff
- Tínà Tamiya X-20A, tí a fi ń la ọ̀dà
- Práímà aláwọ̀ eérú, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí àwọ̀ lẹ̀ mọ́ ike
- Pépà téèpù, Blu-Tack (ohun rírọ̀ bí àmọ̀ tó ń lẹ̀, tó sì ṣeé yọ), igi ìtayín, òwú ìfọtí
- Pẹ́ńsù aláwọ̀ tó ń fi omi parẹ́
- Férémù ike tí ẹ já mọ́dẹ́lì kúrò lára rẹ̀, fún ìdánwò
- Ìbòmú tó ń sẹ́ òórùn kẹ́míkà. Ti aṣọ kò tó

Ìkìlọ̀ lórí ọ̀dà. Tamiya ní ọtí nínú. Omi ni wọ́n fi ṣe Vallejo, ọ̀dà ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ nínú ife kan, ẹ má sì fi tínà Tamiya la Vallejo, torí á dì sínú airbrush yín. Tínà àwọn tó ń kun mọ́tò lè la Tamiya dáadáa, ó tiẹ̀ máa ń jẹ́ kó fẹjú, ṣùgbọ́n òmíràn nínú rẹ̀ le débi pé ó lè jẹ ike. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára férémù.

Ìkìlọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má fín ọ̀dà nítòsí sítóòfù, gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Pé omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀dà kan kò sọ pé èémí rẹ̀ dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

## Kí kámó tó kàn án

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo ara mọ́dẹ́lì. Òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà lára rẹ̀, òun ló sì máa ń jẹ́ kí ọ̀dà ṣí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.
2. Ẹ yọ ṣéènì ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Orí táǹkì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, kó sì ṣeé dá padà.
3. Ẹ fín práímà láti sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fún un ní wákàtí 24.
4. Ẹ po XF-60 àti tínà lọ́gbọọgba. Psi 18, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ìpele méjì tó fúyẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn.
5. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ẹ fara balẹ̀ po ọ̀dà Tamiya kí ẹ tó bù ú. Ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kó dán máa ń wà nísàlẹ̀ ìgò. Bí ẹ kò bá rò ó dókè, ibì kan á dán, ibì kan á ṣá, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ni.

## Fífín àwọ̀ mẹ́ta náà

1. Ẹ ya bátànì. Ẹ gbé orí táǹkì sí ipò rẹ̀, kí ọ̀pá ìbọn kọjú síwájú. Ẹ fi pẹ́ńsù ya etí àpá àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilà gbọ́dọ̀ gun ara ọkọ̀ kọjá sí orí rẹ̀, kó kọjá lórí ọmọrí ẹnu ọ̀nà, kó sì yí igun ká. Ilà tó bá dúró gẹ́lẹ́ ní etí irin ló ń fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ kùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ẹ la ọ̀dà ewé. Ẹ̀kán mẹ́rin ọ̀dà, ẹ̀kán mẹ́fà tínà. Bí ẹ bá yí ife, kó ṣàn lára rẹ̀ láìdúró, kó sì fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ tí ẹ lè rí ara ife lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá fi àwọ̀ kankan sílẹ̀, tínà ti pọ̀ jù.

3. Ẹ sọ afẹ́fẹ́ kalẹ̀ sí psi 10 sí 12. Ẹ mú airbrush sún mọ́ ọn, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Afẹ́fẹ́ tó ń lé ọ̀dà láti psi 18 kò lè ṣe ilà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibẹ̀. Ńṣe ló máa fẹ́ ọ̀dà ká.

4. Ẹ dán an wò lára férémù. Ẹ fa ilà mìlímítà 1.4, ẹ gbé bébà ìwọ̀n yín tì í. Ẹ má kọjá síbi mọ́dẹ́lì títí ẹ ó fi fa ilà mẹ́ta léraléra tó bára mu.

5. Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ fín, inú ló tẹ̀ lé e. Ẹ da airbrush díẹ̀ kó kọjú sínú àpá náà, kí eruku ọ̀dà lè máa bọ́ sínú, kó má bọ́ sórí yẹ́lò. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń ya etí tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fọ́nká. Bẹ̀rẹ̀ afẹ́fẹ́ kí ọwọ́ yín tó kúrò lójú kan, kí ẹ wá fa ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ dúró, ẹ pa ọ̀dà kí ẹ tó pa afẹ́fẹ́. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ẹ̀kán tó máa ń jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ilà.

6. Ẹ kún inú rẹ̀ pẹ̀lú ìyípo kékeré. Bí ẹ bá rí i tó ń dán nítorí pé ó tutù, ẹ sún kúrò níbẹ̀.

7. Ẹ nu ẹnu airbrush ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta síra. Ẹ ti òwú ìfọtí bọ inú tínà, ẹ fi nu orí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

8. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣe búráùn pípọ́n bákan náà. Ẹ jẹ́ kó fara kan àwọ̀ ewé níbì kan, kó jìnnà sí i níbòmíràn. Ẹ má ṣe tò wọ́n ní ẹ̀kan-ewé-ẹ̀kan-búráùn.

9. Ẹ padà sórí yẹ́lò. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń di iṣẹ́. Ẹ la XF-60 bí ẹ ṣe la ewé, kí ẹ fi gé etí tó fẹ̀ jù, kí ẹ sì fi bo eruku ọ̀dà tó bọ́ síbi tí kò yẹ. Ilà tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 lè di 8 lọ́nà yìí láìsí wàhálà.

10. Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Buff apá kan, tínà apá mẹ́sàn-án, psi 15, láti sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gbà á kọjá lórí gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti ń rí i pé àwọ̀ ń yí padà, ó ti tó, ẹ dúró. Ìpele yìí ló ń jẹ́ kí àwọ̀ mẹ́ta dà bí ohun tí oòrùn kan náà ràn lé lórí.

Rọ́bà etí àgbá ẹsẹ̀ kì í wọ kámó, ṣùgbọ́n ọmọ ogun kì í tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó tó fín ọ̀dà, nítorí náà díẹ̀ lè ta sí i. Kọjá ìyẹn, ẹ kun rọ́bà ní àwọ̀ eérú ṣíṣú. Ṣọ́bìrì, àáké àti okùn irin tó wà lára ọkọ̀ lè wọ kámó tàbí kó má wọ̀ ọ́, ó kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ má kun abẹ́ ọkọ̀.

## Bí etí bá gbọ́dọ̀ mú: ti NATO

XF-67 ni ewé, XF-68 ni búráùn, XF-69 ni dúdú. Ewé ló ń kọ́kọ́ bo gbogbo ara ọkọ̀.

1. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí Blu-Tack di okùn tó nípọn ní mìlímítà 3.
2. Ẹ fi okùn náà tẹ̀ lé etí àpá àkọ́kọ́, kí ẹ fi igi ìtayín tì í sípò. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yíyípo tó yípo ló ń fi ààyè kékeré sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí etí fi ń rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, etí á dà bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e.
3. Ẹ fi pépà téèpù bo ìta rẹ̀ pátápátá.
4. Ẹ fín láti òkè tààrà. Airbrush tó bá dagun á fín ọ̀dà wọ abẹ́ okùn ní apá kan, etí kan á fẹ̀ ju èkejì lọ.
5. Ẹ ṣí i ní kété tí ọ̀dà bá ti gbẹ tó ọwọ́ ẹ fi kàn án, kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Ní yàrá tó móoru, Blu-Tack máa ń tu òróró sára ọ̀dà, àbàwọ́n rẹ̀ á sì hàn lábẹ́ fáníìṣì.

## Bí kò bá sí airbrush

Ẹ má gbìyànjú èyí pẹ̀lú Tamiya. Ọtí inú ìpele kejì máa ń hú ìpele àkọ́kọ́ sókè, búrọ́ọ̀ṣì á sì fa ìlà sí i. Vallejo ló yẹ.

1. Ẹ la ọ̀dà pẹ̀lú omi: apá méjì ọ̀dà, apá kan omi. Ẹ kun yẹ́lò ní ìpele mẹ́ta tó fúyẹ́, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó dé.
2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 2 kun àpá ewé, kó kéré ní mìlímítà 1 yíká sí bí ẹ ṣe yà á.
3. Ẹ po ewé àti yẹ́lò lọ́gbọọgba. Ẹ fi èyí kun mìlímítà 1 tó kù yíká. Láti ibi tí èèyàn máa ń dúró wo mọ́dẹ́lì, ojú á gba ìlà àárín yìí gẹ́gẹ́ bí etí rírọ̀.
4. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ sí i, ẹ já fóòmù kékeré, ẹ tì í bọ ọ̀dà àárín náà, ẹ nù ún sára bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá fi máa tẹ etí náà fẹ́ẹ́rẹ́. Jíjá ni kí ẹ já fóòmù, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e, torí etí tó gún régé á tẹ àmì onígun sára ọkọ̀.

Fún ìwọ̀n 1/72, ẹ lè fo ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin. Etí mìlímítà 0.7 kò ju ohun tí búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbẹ máa ń fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ ọdún 1943 tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ kùn, etí mímú tiẹ̀ ni òtítọ́.

## Aṣọ ọmọ ogun: kámó igbó

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí: lára ọkọ̀, bátànì ń kọjá lórí ojú ìsopọ̀ irin, lára aṣọ, bátànì ń já ní ojú rírán. Wọ́n ti tẹ àwọ̀ sára aṣọ kí télọ̀ tó gé e. Nítorí náà, àpá búráùn tó wà lára àyà kò gbọ́dọ̀ bọ́ sára àpò kó sì máa bá a lọ. Apá ọwọ́, ọrùn ẹ̀wù, àpò, orúnkún tí wọ́n lẹ̀: kí ìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ bátànì tirẹ̀. Ohun kékeré yìí nìkan tó láti sọ ère di ẹni tó wọ aṣọ.

Bátànì igbó yìí jáde lọ́dún 1981. Láti ara èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yà lọ́dún 1948 ni wọ́n ti mú un, tí wọ́n sì fi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mú un tóbi sí i, torí pé bátànì tó kéré jù máa ń di dúdú kan ṣoṣo lókèèrè. Ohun kan náà á ṣẹlẹ̀ lórí ère yín bí ẹ bá ya àpá wẹ́wẹ́wẹ́. Àpá tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 á di mìlímítà 4.3 ní 1/35. Ẹ má jẹ́ kí búráùn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Vallejo mẹ́rin ló tó: 70.893 ewé, 70.872 búráùn, 70.988 kakí, 70.862 dúdú tó ní eérú nínú. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 0 tàbí 1 tí ẹnu rẹ̀ ṣónṣó dáadáa. Ti 000 kò lè gba ọ̀dà tó pọ̀ tó. Ọ̀dà á ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kó tó kan ère.

1. Ẹ kun gbogbo aṣọ ní ewé tí ẹ ti kán kakí díẹ̀ sí.
2. Búráùn: àpá gígùn tí etí rẹ̀ rí gánnagànna, tó dùbúlẹ̀ síhà ìbú ara. Kó bo nǹkan bí ìdá mẹ́ta aṣọ. Ẹ jẹ́ kó gun orí ìṣẹ́po aṣọ kọjá, kó má tẹ̀ lé e.
3. Kakí: kékeré, láàárín ewé àti búráùn. Òun ló kéré jù nínú aṣọ lẹ́yìn dúdú, òun ló sì máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.
4. Dúdú ló kẹ́yìn: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà sí méjì, tó jókòó ní etí búráùn, tí apá kan rẹ̀ sì wọnú ewé. Mìlímítà 0.5 sí 1 ní fífẹ̀.
5. Ẹ la búráùn tó ṣú pẹ̀lú omi, apá kan sí mẹ́jọ, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e sínú ìṣẹ́po aṣọ nìkan. Ẹ má rọ ọ́ lé gbogbo ara. Ó máa ń pa kakí.
6. Ẹ la kakí bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ fi kan èjìká, orúnkún àti orí ìṣẹ́po tó yọ sókè.

Fún 1/72, ẹ fi ìgbésẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà sílẹ̀. Àpá búráùn méjì sí mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, kakí ẹyọ kan, dúdú ẹyọ méjì. Ó tán.

## Ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀

Ọ̀dà ya ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Tínà pọ̀ jù, tàbí psi ga jù fún bí ẹ ṣe sún mọ́ ọn tó, tàbí ẹ fa ọ̀dà jáde jù. Ẹ dín psi kù ní méjì-méjì. Ẹ má nu èyí tó ti yà; ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi àwọ̀ ìsàlẹ̀ bò ó.

Ojú ọ̀dà rí ṣákiṣàki lọ́wọ́. Ọ̀dà ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí wọ́pọ̀ jù. Ẹ sún mọ́ ọn sí i, ẹ dín psi kù, kí ẹ sì kán retarder, èròjà tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ, ẹ̀kán kan sínú ẹ̀kán ogún ọ̀dà. Bí retarder bá pọ̀, ọ̀dà kò ní í gbẹ bọ̀rọ̀, ìka yín á sì hàn lára rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 2000 tí ẹ ti rẹ sómi ra ibi tó ti bàjẹ́.

Airbrush ń tú ọ̀dà lẹ́kanlẹ́kan. Ọ̀dà ti gbẹ sórí abẹ́rẹ́, tàbí ó ki jù. Ẹ nu ẹnu rẹ̀ ná. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ kán tínà kan tàbí méjì sí i.

Bátànì dà bí awọ màlúù. Àpá yín dọ́gba jù, ààyè àárín wọn sì dọ́gba. Ẹ so méjì pọ̀, ẹ pín ńlá kan sí méjì, ẹ jẹ́ kí yẹ́lò kan gbòòrò níbì kan. Kì í ṣe dandan kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ kùn.

Ọ̀dà ṣí tẹ̀ lé téèpù. Ẹ kò fọ ike, tàbí práímà kò gbẹ. Kí ẹ tó lẹ téèpù, ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì kí agbára rẹ̀ dín kù.

## Fáníìṣì

Ọ̀nà tó tọ́: fáníìṣì tó ń dán, nọ́ńbà àti àmì ọkọ̀, kíkun àwọ̀ ìdọ̀tí àti eruku sí i, lẹ́yìn náà fáníìṣì tí kò dán. Àmì tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀dà tí kò dán tààrà á gbá afẹ́fẹ́ sábẹ́, ẹ ó sì máa rí funfun yíká rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á.

Ẹ má fín fáníìṣì tí kò dán nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀, gbogbo kámó á sì funfun bí ẹni pé èbu bò ó. Ẹ dúró di ọ̀sán tí oòrùn ti là, ẹ fín in ní ìpele méjì tó fúyẹ́, kí ẹ fi wákàtí kan sáàárín wọn. Bó bá ti funfun ná, ìpele kan ti fáníìṣì tó ń dán lórí rẹ̀ sábà máa ń dá àwọ̀ padà. Ẹ wá dúró de ọjọ́ tó gbẹ kí ẹ tó fín èyí tí kò dán lẹ́ẹ̀kejì.